Omi Kún, Omi Fà: Ohun Tí Iṣẹ́ Ìlàjà Fi Ojú Mi Rí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ jáde ilé-ìwé lọ́dún yìí, Tíṣà yín ló bẹ̀ mí níṣẹ́ yìí. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ẹ sì rántí bó ṣe di aṣọ aláṣọ mú nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Ó ní méjì nínú yín sọ pé iṣẹ́ ìlàjà làwọn fẹ́ kọ́, pé kí n kọ bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ fẹ́ tọrùn bọ̀. Mo ní ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọwọ́ mi sì ti ń gbọ̀n. Ó ní kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó dáa, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹrù tó wúwo jù kalẹ̀. Bí ogójì ọdún ni mo fi ń parí ìjà fún ẹlòmíràn, láti Zion Pepe dé Àwóyè, títí dé Àràròmí. Tọkọtaya, ìyàwó méjì, aládùúgbò, ọmọ ìyá tó ń du ojú omi. Èèyàn mẹ́tàlélógún ni mo kọ́ ní iṣẹ́ náà, bí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá ka orúkọ wọn fún yín. Ṣùgbọ́n Rúùtù, ọ̀rẹ́ mi, tí afárá pákó kan ṣoṣo wà láàárín ilé wa, kò jẹun lọ́wọ́ mi mọ́ láti ọdún kẹfà. Kò kí mi, kò dáhùn ìkíni mi. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìjà ló mú mi dé ìdí iṣẹ́ yìí, èmi àti Rúùtù yìí kan náà la sì jà á, ó ti pẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ààrò ẹja sẹ́yìn ilé, èéfín rẹ̀ sì ń wọ ilé Rúùtù. A kò tíì dọ̀rẹ́ nígbà náà o. Ó ní ọmọ òun ń wúkọ́, Bọ́sẹ̀dé, ọmọ ọwọ́. Mo bi í bóyá èmi ni mo ni afẹ́fẹ́. Ó da omi sínú ààrò mi, ẹja agbọ̀n mẹ́ta bàjẹ́. Mo gé okùn ọkọ̀ rẹ̀, omi gbé e lọ. Ó pè mí ní ìkà tó ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ yan ẹja. Mo pè é ní abiyamọ tí kò mọ ọmọ pọ̀n. Gbogbo àdúgbò jáde sórí afárá, wọ́n ń wò wá bí ẹni ń wo eré.

Àwọn kan ní ká máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá Ọmọ́tẹ̀hìnṣe ló ní rárá, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Apẹja ni Bàbá yìí, ó ga, ó gbẹ bí ẹja yíyan, òun sì ni gbogbo agbègbè ń ké sí bí ìjà bá dé. Ó kó èmi àti Rúùtù sínú ọkọ̀ kan, ó tù wá dé àárín ọ̀sà, ó ri ọ̀pá mọ́ ẹrẹ̀, ó so ọkọ̀ mọ́ ọn. Ó ní ìdí tí òun fi ń ṣe é lórí omi nìyí: nínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè fi ìbínú dìde dúró, kò sí ilẹ̀kùn tí a lè gbá, kò sí aládùúgbò tí yóò máa kì wá láyà. Òfin kan ló fún wa. A kò ní padà sílé títí èmi yóò fi sọ ẹjọ́ Rúùtù bí òun gan-an ṣe ń rò ó nínú rẹ̀, tí Rúùtù yóò sọ tèmi, tí ẹni tó ni ẹjọ́ yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

Mo ní ta ni í bá ọ̀tá rẹ̀ ro ẹjọ́. Bàbá fẹ̀yìn ti ìdí ọkọ̀. Ó fi fìlà bo ojú, ó sùn.

Oòrùn ń pa wá. Bọ́sẹ̀dé wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń wúkọ́. Láti inú ilé mi ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ yẹn tẹ́lẹ̀, ariwo lásán ni létí mi. Nínú ọkọ̀ yẹn ni mo ti rí i bí gbogbo ara ọmọ náà ṣe ń fò sókè. Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu. Mo ní, "Ìwọ ń rò pé mo mọ̀ pé ọmọ rẹ ń kú lọ, mo sì ń yan ẹja mi." Rúùtù bú sẹ́kún, ó ní bẹ́ẹ̀ lòun wí. Nígbà tó yá, òun náà sọ tèmi: pé ọkọ mi ti lọ sójú òkun, kò tíì dé, pé bí ààrò yẹn bá kú, ebi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Nígbà tí a ó fi dé ilé, ebi ti pa wá débi pé inú abọ́ kan náà la ti jẹ púpurù. Mo kó ààrò mi lọ sí ìhà kejì ilé. Ọ̀rẹ́ tí a bá ara wa ṣe nìyẹn, kò ya fún ogójì ọdún.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, Bàbá ní, "Ìwọ tó kọ́kọ́ lanu, máa bọ̀ lọ́la." Ẹ má bi mí lówó oṣù. Ẹja ni, edé nígbà mìíràn, ọpẹ́ nígbà púpọ̀. Bí owó lẹ bá ń wá, ẹ gba ọ̀nà ibòmíràn.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó láàárín ọkọ̀ Bàbá, tí mo ń fi igbá gbọ́n omi jáde. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀: òfin Bàbá ni, kò sì yẹ̀. Lọ́jọ́ kan a gbé Jìmọ́ọ̀ àti Ẹ́stà ìyàwó rẹ̀ lọ sórí ọ̀sà. Jìmọ́ọ̀ ní ohun tó lé òun kúrò nílé ni pé Ẹ́stà ń han oorun bí ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ ní omi. Ẹ́stà ní òun kúkú ń han, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ti dákú láti ọdún èṣí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Bàbá yí orí ọkọ̀ padà. Ó tu ọkọ̀ lọ sí ìdí ahéré apẹja kan tó ti di ahoro lórí omi, ó ní kí n sọ̀kalẹ̀. Ó gbé àwọn méjèèjì lọ. Omi ló yí mi ká títí dìrọ̀lẹ́. Nígbà tó padà wá, ó ní, "Ṣé o ti rẹ́rìn-ín tán, ọma mi?" Mo ní mo ti tán. Ó ní Ẹ́stà ti sunkún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, pé èmi kò rí i nítorí mo ń rẹ́rìn-ín.

Bí a bá ti gbé wọn sọ̀kalẹ̀ tán, yóò ní kí n ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún òun. "Sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́." Pẹ̀lú èébú, pẹ̀lú ibi tó ti dákẹ́. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ tó dára rọ́pò èyí tí kò dára, yóò na àjẹ̀ ìtukọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, gbàà! "Ṣé ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ náà?" Ìyẹn ló fi jẹ́ pé títí dòní, bí ẹnì kan bá bá mi sọ̀rọ̀, ó ti wà nínú mi nìyẹn. Ẹ̀kọ́ Bàbá ni, kì í ṣe ọgbọ́n mi.

Ẹ̀kọ́ tó wúwo jù ni ti omi méjì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Olú àti Dàńládé, ń jà lórí ibi tí ojú omi bàbá wọn pín sí. A débẹ̀ nígbà omi kún. Olú na ìka, Dàńládé na ìka, omi tẹ́jú láàárín wọn bí ẹní. Ó dà bíi pé Olú jàre. Bàbá ní ká jókòó. A jókòó títí omi fi fà, ẹrẹ̀ yọ, kùkùté òpó kan sì yọ nínú ẹrẹ̀ náà, èyí tí bàbá wọn rì síbẹ̀ kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wọn. Dàńládé ló jàre. Bàbá wò mí, ó ní nígbà omi kún, gbogbo ayé dọ́gba, irọ́ sì ni. Ó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó wo omi kan dájọ́, òun ni ọ̀gá òṣìkà. Wò ó nígbà omi kún, wò ó nígbà omi fà, kó o tó lanu.

Nígbà tí Bàbá kú, ọ̀pá àti igbá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ mi. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èèyàn. Mo kọ́ Mákánjúọlá tó ń ṣe káfíńtà, mo kọ́ Ìyá Adéọlá, mo kọ́ Jóṣúà ọmọ ìjọ tó máa ń gbàdúrà kí ó tó gbọ́ ẹjọ́. Ìdòwú wá, akólòlò ni, mo fẹ́ dá a padà. Rúùtù ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí ó bá ń dúró kí Ìdòwú sọ̀rọ̀ tán, ìbínú rẹ̀ á ti tutù." Òtítọ́ ni. Nínú gbogbo wọn, Ìdòwú ló wá dára jù.

Bọ́sẹ̀dé ló wá kẹ́yìn. Ọmọ tó ń wúkọ́ lọ́jọ́sí ti di ìyá ọlọ́mọ méjì, ó ti ta edé títí ó fi sú u. Rúùtù fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má ṣe kẹ́ ẹ nítorí òun. N kò kẹ́ ẹ. Ó gbọ́n omi, ó dákẹ́, ó ń ka ọ̀rọ̀ fún mi lálaalẹ́ láìyọ ohun kan.

Nígbà yẹn, irinṣẹ́ ti ń yí padà. Ẹ́ńjìnnì ti wà lára ọkọ̀ gbogbo èèyàn, àwọn tó ń jà wá ń gbé ọkọ̀ tiwọn wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn wọ́n, wọ́n á fa okùn, wọ́n á sá lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn kan láti Àkúrẹ́ gbọ́ òkìkí wa, wọ́n ń wá dá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n mú ìwé àti bírò wá, wọ́n ní kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀. N kò ní bú wọn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n kọ́ wa tó dára, pàápàá lórí ọkọ tó ń lu ìyàwó. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé. Èèyàn á ya àwòrán ibi tí ìjà wà, á fi ránṣẹ́, o ò ní kúrò lórí àga. Eékún mi ti ń dùn mí. Mo fẹ́ràn fóònù náà.

Ẹjọ́ tó da àárín èmi àti Rúùtù rú nìyí. Ládípọ̀ kọ́ ilé ìdáná rẹ̀ jáde sórí ojú ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Sámúẹ̀lì tó ń gbé lẹ́yìn rẹ̀ ní wọ́n ti dí òun mọ́lé. Ládípọ̀ fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi: omi gbòòrò, ọkọ̀ méjì lè kọjá níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àwọn ará Àkúrẹ́ wà nílùú, wọ́n fẹ́ rí ẹjọ́ kan tí a ó parí lójú wọn kí ọkọ̀ wọn tó gbéra lọ́sàn-án. Gbọ̀ngàn ìlú la jókòó sí, lórí àga oníke. Mo fi àwòrán han gbogbo èèyàn. Mo ní ọ̀nà ṣì wà, kí Sámúẹ̀lì fọwọ́ wọ́nú.

Bọ́sẹ̀dé sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo dá a lóhùn níwájú àlejò pé, "Ọmọ iṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Bọ́sẹ̀dé tẹrí ba. Ládípọ̀ àti Sámúẹ̀lì fọwọ́ sí ìwé, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àìsàn gbé ìyá Sámúẹ̀lì dè. Ọ̀sán ni, Sámúẹ̀lì wà lójú òkun. Bọ́sẹ̀dé ló gbé ìyá arúgbó náà sọ́kọ̀, ó fẹ́ tù ú lọ sí ilé ìwòsàn. Omi ti fà. Ibi tó gbòòrò nínú àwòrán ti di ẹrẹ̀, apá kan ṣoṣo tó jìn tó láti gbé ọkọ̀ ni abẹ́ ilé ìdáná Ládípọ̀, òpó sì ti kún ibẹ̀. Kò lè kọjá. Ó yí ọkọ̀ padà, ó gba ìta, níbi tí odò ti ń wọ òkun. Ìgbì dà wọ́n nù. Àwọn apẹja fa ìyá arúgbó náà yọ láàyè, nítorí Bọ́sẹ̀dé ti gbé ọwọ́ ìyá náà lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó dojú dé kí àwọ̀n tó wà lábẹ́ omi tó wé òun alára lẹ́sẹ̀. Bọ́sẹ̀dé mọ odò wẹ̀ ju gbogbo wa lọ, òkú rẹ̀ la gbé wálé.

Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi àáké wó ilé ìdáná yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun nìkan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, Rúùtù kò tíì bínú sí mi nígbà yẹn. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ó sunkún lórí ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé ló wá dúró lórí afárá, kò wọlé. Ó ní, "Wọ́n ní ọmọ mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ parí ẹjọ́ yẹn. Kí ló sọ?"

Mo ní, "Mi ò rántí."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ ni o ò rántí?" Ó yí padà, ó lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn fún ọdún mẹ́fà.

Mo pa iṣẹ́ náà tì. Òkun ò pa tirẹ̀ tì. Ó ti kó ilé Ládípọ̀, ó ti kó ilé Sámúẹ̀lì, ó ti kó ibi tí Olú àti Dàńládé ń jà lé lórí. Púpọ̀ nínú ààlà tí mo parí ìjà lé lórí láyé mi ti wà nísàlẹ̀ omi báyìí, ẹja ló ń gbébẹ̀. Ládípọ̀ àti Sámúẹ̀lì jọ háyà yàrá nínú ọgbà kan náà ní Ìgbókọ̀dá, mo gbọ́ pé wọ́n jọ ń jẹun. Ìgbà mìíràn mo máa ń bi ara mi pé kí ni mo wá ṣe láyé.

Ẹ̀yin méjì tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, n kò ní kí ẹ má kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọkọ̀ ìlàjà náà ò yàtọ̀. Òfin ìdákẹ́ tí Bàbá fún mi dára, kí ọmọ iṣẹ́ lè gbọ́ràn ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di ìbòjú, kí ojú má baà tì mí. Bí ẹni tó ń gbọ́n omi bá ní omi ń wọlé, ẹ dá àjẹ̀ dúró, ẹ wo ẹsẹ̀ yín.

Lóṣù tó kọjá, Ìdòwú wá sílé mi, ó mú àjẹ̀ dání, kò gbé ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí n wọ ọkọ̀. Mo bá Rúùtù níbẹ̀, ó ti jókòó síwájú, ó kọjú sí omi. Àárín ni mo jókòó, níbi tí mo ń jókòó nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Omi ti fà. Ìdòwú tù wá dé ibi tí ilé Ládípọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Kò sí òpó kan níbẹ̀ mọ́. Ó ri ọ̀pá mọ́ ẹrẹ̀, ó so ọkọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní àwọn àlejò ń kánjú, mo ní eékún ń dùn mí. Ìdòwú na àjẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, a sì dúró dè é. Ó ní, "Ìyá, ẹ sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Mo ní Bọ́sẹ̀dé ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a kò tíì rí ibẹ̀ nígbà omi fà." Mo ní nígbà tí mo pa á lẹ́nu mọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá." Mo ní mo rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí Rúùtù bi mí. Mo rántí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Rúùtù kò yíjú sí mi. Ó ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó bi mí bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Mo ní ohùn kékeré ni, bíi ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ó ní kí n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ kí ó tó fi gèlè bo ojú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ro ẹjọ́ rẹ̀ bí òfin ṣe wí. Mo ní, "Ìwọ ń rò pé ìtìjú mi ló pa ọmọ rẹ, pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo sì tún fi dù ọ́."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

Ó wá kù kí òun náà sọ tèmi. Ìdòwú wò ó, kò kán an lójú. A jókòó níbẹ̀ títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà, tí ẹrẹ̀ ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣe, Rúùtù ní, "Mi ò tíì lè sọ tìrẹ."

Bí Bàbá bá wà níbẹ̀, a kò ní padà sílé. Ìdòwú tú okùn. Ó ní ẹjọ́ náà kò tíì parí, omi mìíràn yóò fà.

Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, omi ń wọlé. Mo mú igbá, mo ń gbọ́n ọn jáde. Abẹ́ ẹsẹ̀ Rúùtù ni omi púpọ̀ wà, n kò sì lè sọ fún un pé kó sún. Ó wo omi náà, ó wo igbá ọwọ́ mi. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì gbé e dúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbọ́n omi náà tán.